Aṣọ Nọ́ńbà àti Ara Nọ́ńbà: Kíkọ́pì àti Lílẹ̀ Máàkì tí a ti Sún mọ́ Òdindi nínú Fáìlì Èsì Ìdánwò

Ìfáàrà

Nígbà tí ó jẹ́ pé ìwé ńlá onílà ni a fi ń kọ máàkì sílẹ̀, ohun tí ojú bá rí nínú ìwé náà ni ó wà níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá kọ 25 sí iwájú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, 25 ni. Ẹni tí ó bá sì dà á kọ sínú ìwé mìíràn, 25 ni yóò dà kọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Àpótí kan nínú Excel lè fi 25 hàn lójú, kí ó sì jẹ́ pé 25.2 ni ó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni ó ń gbé inú àpótí kan ṣoṣo. Bí a bá wá kọ́pì àpótí náà, tí a lẹ̀ ẹ́ sí ibòmíràn, èwo nínú méjèèjì ni ó bá wa lọ? Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ wa yìí dá lé lórí. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó sì ń sọ bóyá A ni akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò gbà tàbí B.

Ní àdúgbò Limawa nínú ìlú Minna, bí ó ti rí ní àdúgbò púpọ̀ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, fáìlì èsì kan lè gba ọwọ́ mẹ́rin kọjá kí ó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ tí yóò fọwọ́ sí i. Olùkọ́ tẹ apá kan nílé kí iná tó lọ. Ó fi fóònù gbé e ránṣẹ́ sí ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà. Ìgbà mìíràn, ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni ó ń bá wọn tẹ èyí tí ó kù (kò yẹ kí èsì ìdánwò dé ṣọ́ọ̀bù rárá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí). Akọ̀wé ìdánwò ní ẹ̀ka a sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú fáìlì kan. Ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan kọ́pì, ẹnì kan lẹ̀. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ máàkì lè yí padà lọ́nà.

Aṣọ àti ara

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí à ń pè ní sísún nọ́ńbà mọ́ òdindi. Bí èérún tí ó tẹ̀lé póíǹtì bá jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó gun òkè. Bí ó bá jẹ́ 4 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, a ó wá sí ìsàlẹ̀. 25.2 a di 25, 25.6 a di 26. A kò gbọdọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní òfin yìí bí ẹni pé àjèjì ni, nítorí ó ti wà nínú bí a ṣe ń ka owó àti ẹran láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta, méjìlélọ́gọ́ta, mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta: orí ọgọ́ta ni gbogbo wọn dúró lé. Bí a bá ti dé 65, a kì í wo ọgọ́ta mọ́. Márùndínláàádọ́rin ni à ń wí, ojú aàádọ́rin ni à ń wò. Láti ení dé ẹ̀rin, lé. Láti àrún dé ẹ̀sán, dín. Ibi tí èdè wa ti yí ojú padà gan-an ni ibi tí òfin náà ti yí i padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èdè náà kò ṣe. Ó pe 69 ní mọ́kàndínláàádọ́rin. Ó sún un mọ́ aàádọ́rin, kò sì gbé ẹyọ kan tí ó dín yẹn jù nù. Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà mọ̀ pé kò tíì pé. Bí Excel náà ṣe ń ṣe nìyí nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì tí wọ́n ń pè ní Decrease Decimal: aṣọ ni ó pààrọ̀, kò fọwọ́ kan ara. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ara nọ́ńbà, kí ó tẹ àpótí náà lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbé ojú sókè sí ọ̀pá fọ́múlà tí ó wà lókè tábìlì. Bí olùkọ́ bá fúnra rẹ̀ tẹ 25.2 wọlé, 25.2 ni yóò bá níbẹ̀, kódà bí àpótí ń fi 25 hàn. Bí fọ́múlà ni ó wà níbẹ̀, fọ́múlà ni yóò rí, èérún rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìṣirò tí kọ̀ǹpútà bá ṣe lẹ́yìn èyí, ara ni yóò lò, kì í ṣe aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ méjì, kọ́ọ̀sì kan

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó fi wò ó. Kọ́ọ̀sì NCE kan ń gba 40 nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ àárín sáà, 60 fún ìdánwò ìparí. Olùkọ́ máàkì méjèèjì lórí 100, ó wá fi 0.4 àti 0.6 sọ wọ́n di ìwọ̀n tí ó yẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ sì ní kí àròpọ̀ jẹ́ òdindi.

Akẹ́kọ̀ọ́ kìíní gba 63 nínú iṣẹ́ àárín sáà, ó gba 74 nínú ìdánwò. 63 di 25.2, 74 di 44.4, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69.6. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì gba 64 àti 73. 64 di 25.6, 73 di 43.8, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69.4. Ẹni kìíní fi díẹ̀ ju ẹnìkejì lọ. Bí a bá sún àròpọ̀ mọ́ òdindi ní ìparí, ẹni kìíní gba 70, A nìyẹn. Ẹnìkejì gba 69, B nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ó máa hàn lójú tábìlì bí a bá fi aṣọ bo gbogbo àpótí. Ti ẹni kìíní: 25, 44, àròpọ̀ 70. Ti ẹnìkejì: 26, 44, àròpọ̀ 69. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò sọ pé olùkọ́ kò mọ ìṣirò! Ọ̀gá ẹ̀ka tí ó ń fi bírò yẹ ìwé wò yóò fi ìlà pupa sí i, yóò ní kí wọ́n lọ tún un ṣe. Èyí tí ó sì rọrùn jù láti fi tún un ṣe ni èyí tí ó bà á jẹ́: akọ̀wé á tẹ 25 àti 44 bí ojú rẹ̀ ti rí wọn, àròpọ̀ á di 69, á tẹ 26 àti 44, àròpọ̀ á di 70. Ìwé wá mọ́, ìṣirò wá bára mu, ẹni tí ó gba A di oní-B, ẹni tí ó gba B di oní-A. Póíǹtì 5 ni A ń mú wá, B ń mú 4 wá. Nínú kọ́ọ̀sì oní-kírédíìtì méjì, póíǹtì méjì ti kúrò ní ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn kan lè ní kí ni 0.6 jámọ́, pé èènì lásán ni. Èènì kọ́ ni. Ní ọjà, ọlọ́jà tí ó ti wọn mudu ìrẹsì rẹ̀ tán ni ó ń bu èènì lé e, láti inú àpò tirẹ̀, ó sì mọ ẹni tí òun bù ú fún. Nínú àpẹẹrẹ wa, kò sí ẹni tí ó pinnu láti fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A gba 0.6 lọ́wọ́ ọmọ kan, a sì fi 0.6 kún ti ọmọ kejì, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé òun ṣe é.

Ohun tí ó ń bá kọ́pì lọ

Kíkọ́pì kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í mú. Bí a bá kọ́pì láti inú Excel, tí a sì lẹ̀ ẹ́ ní lílẹ̀ lásán sínú Excel mìíràn, fọ́múlà àti aṣọ ni ó ń bá a lọ. Bí àwọn àpótí tí fọ́múlà náà ń tọ́ka sí kò bá sí níbi tuntun, èsì a dàrú. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ̀ díẹ̀ ṣe ń lo Paste Special, tí wọ́n a sì yan Values: Ctrl+C, lẹ́yìn náà Ctrl+Alt+V, kí a tẹ V, kí a tẹ Enter. Nínú Google Sheets, Ctrl+Shift+V ni. Èyí ń mú fọ́múlà kúrò, ó ń fi nọ́ńbà sílẹ̀. Nọ́ńbà wo? Ara ni, pẹ̀lú gbogbo èérún rẹ̀. Orúkọ Values ti tan ọ̀pọ̀ jẹ. Wọ́n rò pé ohun tí àwọn rí lójú ni yóò lẹ̀. Ẹni tí ó kọ́pì 25 a rí 25.2 níbi tuntun, nítorí aṣọ kò bá a wá, ẹ̀rù a sì bà á pé kọ̀ǹpútà ti ní fáírọ́ọ̀sì.

Bí a bá lẹ̀ ẹ́ sínú Word tàbí Notepad ńkọ́? Òdìkejì ni. Aṣọ ni ó ń lọ síbẹ̀, ara a dúró sílé. Bí a bá tún kó o láti inú Word padà sínú Excel, aṣọ ti di ara. Èérún ti lọ, kò sì sí ohun tí ó lè dá a padà. Bákan náà ni fáìlì CSV: bí àpótí bá ṣe hàn ni Excel ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń tọ́jú fáìlì sí irú yẹn. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín èyí àti kí ẹnì kan ya àwòrán tábìlì, kí ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ láti inú àwòrán náà.

Ìyọnu tí ó tún wọ́pọ̀ ni ìsúnmọ́ lórí ìsúnmọ́. Àròpọ̀ kan jẹ́ 69.46. Olùkọ́ kìíní fi aṣọ póíǹtì kan bò ó, ó di 69.5 lójú, ó sì fi í ránṣẹ́ nínú Word. Olùkọ́ kejì rí 69.5, ó sún un mọ́ òdindi, ó di 70. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tọ̀nà bí a bá wò ó lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n 69.46 kò sún mọ́ 70 ju bí ó ṣe sún mọ́ 69 lọ.

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Ní 1961, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ní MIT ní Amẹ́ríkà, Edward Lorenz, ń fi kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní LGP-30 ṣe ìṣirò bí ojú ọjọ́ yóò ṣe máa yí. Ó fẹ́ tún apá kan ìṣirò náà wò, kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó mú ìwé tí kọ̀ǹpútà ti tẹ̀ jáde, ó sì da nọ́ńbà ibẹ̀ kọ padà sínú kọ̀ǹpútà. 0.506 ni ìwé fi hàn, 0.506127 ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó jáde lọ mu kọfí. Nígbà tí ó dé, ojú ọjọ́ tuntun ti yapa pátápátá kúrò lára ti àkọ́kọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ni ó bàjẹ́. Nígbà tí ó rí i pé èérún tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ni ó fa ìyapa náà, ó tẹ̀lé e, iṣẹ́ tí ó sì tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní 1963 ti di ìpìlẹ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ ńlá kan. Nínú gbogbo àwọn tí ó da aṣọ nọ́ńbà kọ, a kò mọ ẹlòmíràn tí ó jèrè tó báyìí.

Ti Vancouver ní Kánádà kò dùn bẹ́ẹ̀. Ọjà ìpín ìdókòwò wọn dá àtọ́ka kan sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1000. Ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá tún un ṣírò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lójúmọ́, ó ń gé èérún lẹ́yìn póíǹtì mẹ́ta dànù dípò kí ó sún un mọ́ èyí tí ó súnmọ́ jù. Ní oṣù kọkànlá 1983, àtọ́ka náà ti já sí nǹkan bí 525. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò dáadáa, nǹkan bí 1,099 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Ní Jámánì, ní ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní 1992, kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ jáde pé ẹgbẹ́ Greens ní 5.0 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, èyí tí ó tó láti wọ ilé ìgbìmọ̀. 4.97 ni wọ́n ní. Wọ́n ti kéde rẹ̀ kí ẹnì kan tó wo ara nọ́ńbà náà.

Àwa náà ní tiwa. Ní 1979, òfin ní kí ẹni tí yóò di ààrẹ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 ni ó wà nígbà náà, Niger tí Minna jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ sì wà lára wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12.67 bí a bá fi póíǹtì méjì kọ ọ́. Ìpínlẹ̀ kò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́. Ṣé 13 ni, àbí 12 àti èérún? Shehu Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní ìpínlẹ̀ 12. Ní Kano, tí ó jẹ́ ìkẹtàlá, kò tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Richard Akínjídé jà fún un pé èérún náà ni kí a lò bí ó ti wà: ìdá kan nínú mẹ́rin nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano. FEDECO gbà bẹ́ẹ̀, ó kéde Shagari. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n sì dá a fún Shagari ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1979. Adájọ́ Kayode Eso kò fara mọ́ ọn. A kò wá tún ẹjọ́ náà dá níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé kò sí ìlà kan nínú òfin tí ó sọ ohun tí a ó fi èérún ṣe. Ìwé òfin ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ náà kò sọ ọ́.

Bí a ṣe lè ṣe é

Bí ó bá jẹ́ lóòótọ́ ni a fẹ́ kí nọ́ńbà di òdindi, kì í ṣe kí ó kàn wọ aṣọ òdindi, fọ́múlà ROUND ni a ó lò. Ká ní àròpọ̀ wà ní F2; nínú G2 a ó tẹ =ROUND(F2,0). Òdo yẹn ń sọ pé a kò fẹ́ èérún kankan. Bí 2 bá wà níbẹ̀, póíǹtì méjì ni yóò kù. A ó fà á sílẹ̀ dé orúkọ tí ó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni a ó wá kọ́pì G, tí a ó sì lo Paste Special pẹ̀lú Values níbi tí a ń gbé e lọ. Nísinsìnyí, aṣọ àti ara ti di ọ̀kan, kò sì sí bí a ṣe lẹ̀ ẹ́ tí yóò tún yí padà. F kò gbọdọ̀ parẹ́. Inú fáìlì olùkọ́ ni kí ó wà, nítorí ibẹ̀ ni a ó padà sí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bèèrè.

INT kì í ṣe ROUND. INT ń gé èérún dànù bí ti Vancouver, 69.6 á di 69. TEXT náà kì í ṣe ROUND: ó ń sọ nọ́ńbà di ọ̀rọ̀ lásán, SUM kò sì ní ka ìlà tí ó kún fún un. Ohun kan tún wà nínú Excel, lábẹ́ Options àti Advanced, tí wọ́n ń pè ní Set precision as displayed. Ó ń sọ gbogbo aṣọ inú fáìlì di ara lẹ́ẹ̀kan náà. Excel fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ kí ó tó gbà fún wa pé èérún yóò lọ títí láé. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí olùkọ́ fi ní láti fọwọ́ kàn án.

Ẹni tí ó bá gba fáìlì lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè fi =F2=ROUND(F2,0) dán an wò nínú àpótí òfìfo. Bí TRUE bá jáde, òdindi gan-an ni. Bí ó bá jẹ́ FALSE, aṣọ ni. Kò gba ìṣẹ́jú kan fún ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń mú iná jù ni CGPA. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan kó póíǹtì 430 jọ lórí kírédíìtì 123. Èsì rẹ̀ jẹ́ 3.4959, tí aṣọ póíǹtì méjì sì sọ di 3.50. Láti 3.50 ni Credit ti bẹ̀rẹ̀. Bí fọ́múlà IF bá ń wo ara, Merit ni yóò kọ sí iwájú 3.50 tí gbogbo ayé ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú ìwé náà wá sí ọ́fíìsì, òótọ́ á sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ̀ka bá sì fi ROUND sí i kí IF tó wò ó, Credit ni. Ọ̀nà méjèèjì ni a lè gbèjà. Èyí tí a kò lè gbèjà ni kí ẹ̀ka kan lo ọ̀kan, kí ẹ̀ka tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì lo èkejì, nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, ní ọdún kan náà. Ìlà kan péré nínú ìwé òfin ìdánwò tó: máàkì kọ́ọ̀sì yóò di òdindi lẹ́ẹ̀kan, ní àròpọ̀, CGPA yóò di póíǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti pín gbogbo póíǹtì sí gbogbo kírédíìtì, gíréèdì yóò wo nọ́ńbà tí a tẹ̀ jáde.

Fún àwọn olùkọ́-lọ́la tí ó wà lọ́wọ́ wa, a dábàá pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Kí olùkọ́ kọ 61 títí dé 69 sára pátákó, kí akẹ́kọ̀ọ́ pe orúkọ wọn ní Yorùbá, kí wọ́n sì sọ ibi tí lé ti di dín. Kí àwọn elédè Nupe, Gbagyi àti Hausa tí ó wà ní kíláàsì náà sọ bí tiwọn ti rí. Ìjíròrò yẹn nìkan tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tẹ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí a mẹ́nu bà lókè sínú Excel, kí wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, kí ìdajì kíláàsì gbé wọn gba inú Word, kí ìdajì kejì gbé wọn gba inú ROUND, kí wọ́n sì fi gíréèdì tí wọ́n bá kó dé wé ara wọn.